Ìrísí Oró àti Ẹni Tí Oró Ń Pa

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìròyìn dé etí àwọn aláṣẹ tí ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn ní ilẹ̀ Nàìjíríà pé àrùn ọ̀fun tí à ń pè ní dìfìtíríà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò àti ní Èkó. Ẹni tí kò bá rí i rí kò lè mọ bí ó ti burú tó. Awọ kan tí ó ní àwọ̀ eérú a so mọ́ ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, ọrùn rẹ̀ a wú títí yóò fi dà bí ọrùn akọ màlúù, mímí a sì di iṣẹ́ fún un. Bí ìtọ́jú kò bá tètè dé, oró àrùn náà a bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 2023 ni ó jà kíkan-kíkan. Kánò ni ó ṣe ní ibi jù, àwọn ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó bá a lọ.

Nígbà tí àwọn oníṣègùn nawọ́ sí oògùn tí í pa oró náà nínú ara ẹni tí ó ti mú, wọ́n bá a pé ó ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ wa nìkan, ṣùgbọ́n ní gbogbo àgbáyé. Ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni a fi ń ṣe oògùn náà. A ó fún ẹṣin ní oró tí a ti sọ di aláìlágbára, ara ẹṣin yóò kọ́ bí a ti í bá a jà, a ó sì fa lára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí a lè fi wo ènìyàn. Behring ará Jámánì àti Kitasato ará Jàpáànì ni ó kọ́kọ́ fi hàn ní Berlin, ní ọdún 1890, pé ẹ̀jẹ̀ ẹranko lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì pẹ́ tí a fi bọ́ sórí ẹṣin. Láti ìgbà náà wá ju 130 ọdún lọ, orí ẹṣin ni a ṣì wà.

Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1992 ni ọmọ ènìyàn ti mọ bí oró dìfìtíríà ti rí láti orí dé ẹsẹ̀, ibi tí ó fi ń di ni mú àti ibi tí ó fi ń pani. Báwo ni a ṣe lè mọ ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀, kí a má sì ní ohun ìjà tuntun? Ìdáhùn tiwa nìyí: àwọn tí ó ní ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wo oró kò ní àrùn náà ní ilé wọn mọ́, àwọn tí ó ní àrùn náà kò sì ní ìmọ́lẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n yékéyéké, ó tọ́ kí á tú u palẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò àrùn ni ó ń jẹ ara ènìyàn fúnra rẹ̀. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó ń tú jáde ni í ṣe iṣẹ́ ibi, gẹ́gẹ́ bí eyín ejò kò ti ju abẹ́rẹ́ lọ bí oró kò bá sí nínú rẹ̀. Roux àti Yersin fi ìdí èyí múlẹ̀ ní Paris ní 1888. Wọ́n sẹ́ omi tí kòkòrò dìfìtíríà ti gbé inú rẹ̀ títí kò fi ku ẹyọ kòkòrò kan, wọ́n fi gún ẹranko lábẹ́rẹ́, ẹranko náà sì kú bí ẹni pé kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Irú oró bẹ́ẹ̀ wà nínú àrùn ipá tí í ti ojú ìdodo wọ ara ọmọ ìkókó. Ó wà nínú ikọ́ àwúbì. Ó sì wà nínú àrùn onígbáméjì tí ó wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1970, tí kò sì tíì fi wá sílẹ̀, nítorí ní 2024 ó tún jà ní Èkó.

Lórí onígbáméjì yìí, ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ tí ó ti wà lábẹ́ àjèjì rí kí ó mọ̀. Robert Koch, ọ̀gá àwọn onímọ̀ kòkòrò ní Jámánì, ti sọ ní 1884 pé oró ni kòkòrò onígbáméjì fi ń pani. Ọ̀gá ni ó sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí oró náà. Àwọn ìlú ńlá Yúróòpù ń tún omi mímu wọn ṣe, onígbáméjì sì ń kúrò lọ́dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ọdún 75 kọjá. Ní 1959 ni oníṣègùn kan ní Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, Sambhu Nath De, fi òwú so apá kan ìfun ehoro ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, ó da omi tí a ti sẹ́ kòkòrò kúrò nínú rẹ̀ sí àárín, ìfun náà sì wú fún omi. Báyìí ni oró onígbáméjì ṣe di mímọ̀. De kò ní ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ohun tí ó ní ni ehoro, òwú, àti ìlú kan tí onígbáméjì kò kúrò nínú rẹ̀. Ó kú ní 1985 láìgba Ẹ̀bùn Nobel, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e dúró lé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1969, ni Finkelstein àti LoSpalluto ní Amẹ́ríkà yọ oró náà ní ògidì.

Ṣùgbọ́n kí a yọ oró ní ògidì kò tíì jẹ́ kí a rí i, nítorí pé ó kéré jù. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń lò, ìgbì ni, gẹ́gẹ́ bí ìgbì ọ̀sà. Ìgbì òkun kì í sì í mọ̀ pé ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan wà nínú omi. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ gùn ju átọ́mù kan lọ ní ìlọ́po tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ìtànṣán X, èyí tí Röntgen rí ní Würzburg ní 1895, tí a fi ń wo egungun tí ó ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ni ìgbì rẹ̀ kéré tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ní 1912, Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Munich fi hàn pé bí a bá ta ìtànṣán náà sí kírísítàlì, yóò fọ́n ká, yóò sì fi àmì tó-tò-tó sílẹ̀ lórí àwòrán. Bragg bàbá àti Bragg ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ayé bí a ti í ka àmì náà. Wọ́n jùmọ̀ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1915, ọmọ náà kò sì ju ẹni ọdún 25 lọ.

Kí ni kírísítàlì? Ohunkóhun tí àwọn ẹyọ rẹ̀ bá tò ní ìbú àti ní òró láìyẹ̀, bí ebè oko àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ jẹ́ kírísítàlì, ṣúgà pẹ̀lú. Ẹyọ kan ṣoṣo kò lè fọ́n ìtànṣán ká tó ohun tí a lè rí. Ṣùgbọ́n bí àìmọye ẹyọ bá tò, tí gbogbo wọ́n sì kọjú sí ibì kan náà, wọn a jùmọ̀ fọhùn bí ẹgbẹ́ akọrin, a sì gbọ́ wọn.

Oró kòkòrò jẹ́ purotéènì, èyíinì ni ẹ̀wọ̀n gígùn tí ó ká ara rẹ̀ jọ. Kí a mú ohun tí ó rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tò bí iyọ̀, iṣẹ́ sùúrù ni. A ó pò ó mọ́ iyọ̀ tàbí mọ́ ohun mìíràn tí í fa omi, a ó kán an sílẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, a ó dín kíkan rẹ̀ kù tàbí kí á fi kún un, a ó gbé e sí òtútù tàbí sí ìlọ́wọ́ọ́wọ́, a ó sì máa bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà yóò dì gbùdù-gbùdù bí ẹ̀kọ tí a kò rò dáadáa. Àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kírísítàlì purotéènì kan ṣoṣo. Bí ó bá sì wá tò, kì í sábà tóbi ju hóró iyọ̀ lọ. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ń bá wí.

Fún ìgbà pípẹ́ ni iṣẹ́ náà dúró sójú kan, nítorí bí kírísítàlì purotéènì bá gbẹ, àmì rẹ̀ a parẹ́. Ní 1934, Bernal àti Dorothy Crowfoot ní Cambridge fi í sínú ìgò tín-ín-rín pẹ̀lú omi rẹ̀, àmì náà sì hàn kedere. Obìnrin yìí, tí ayé mọ̀ sí Dorothy Hodgkin lẹ́yìn tí ó lọ́kọ, Cairo ni a bí i sí ní 1910. Nígbà tí wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1964, ilẹ̀ Gánà ni ìròyìn náà bá a sí, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, Thomas Hodgkin òpìtàn, ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. A mẹ́nu kan èyí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ adúláwọ̀ rí.

Ìṣòro mìíràn ṣì wà: àmì tí ìtànṣán ń fi sílẹ̀ ń sọ bí ohùn kọ̀ọ̀kan ti lágbára tó, kò sọ ìgbà tí ohùn náà wọlé sínú orin. Max Perutz rí ọ̀nà àbáyọ ní 1953 nípa fífi átọ́mù wíwúwo bí mẹ́kúrì há inú purotéènì, kí a lè fi ti èyí tí ó ní in wé ti èyí tí kò ní in. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Wàyí o, kí ni wọ́n rí? Ní 1991, Titia Sixma, Wim Hol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì Groningen ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì tẹ àwòrán oró kan jáde tí ó jẹ́ ọmọ ìyá oró onígbáméjì. Kòkòrò inú ìfun tí à ń pè ní E. coli ni ó ń tú u jáde, ó sì wà lára àwọn ohun tí í fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọ wa. Ní 1995 ni ẹgbẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà tẹ ti onígbáméjì gan-an jáde, ó sì fara jọ ti ìṣáájú bí ìbejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn yàwòrán òṣùká tí alárù fi ń ru ẹrù. Ẹ̀yà márùn-ún tí ó dọ́gba ni ó so pọ̀ yípo bí òṣùká, ihò sì wà láàárín wọn. Lórí òṣùká náà ni ẹrù gúnwà sí, ẹ̀yà kẹfà, èyí tí í pani. Láti ìdí ẹrù ni okùn kan ti sọ̀kalẹ̀ wọ inú ihò òṣùká, kí ẹrù má baà já bọ́ lójú ọ̀nà. Lábẹ́ òṣùká, ní apá tí ó kọjú sí ìfun wa, ni ibi ìdìmú márùn-ún wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì bá ohun oníṣúgà kan tí ó wà lára ìfun mu bí kọ́kọ́rọ́ ti í bá àgádágodo mu. GM1 ni orúkọ tí wọ́n fún ohun oníṣúgà náà. Ní 1994 ni Merritt, Hol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ti wà ní Seattle nígbà náà, fi ìtànṣán X rí ibi tí ó ti wọ inú ìdìmú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa lanu, nítorí GM1 kì í ṣe ti ọ̀tá. Ara wa ni ó ni í, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń ṣe fún wa. Oró náà kàn mọ ibi tí ó wà ni.

Nígbà tí òṣùká bá ti dì mọ́ ògiri ní ọ̀nà márùn-ún, sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni ẹyọ yàrá kéékèèké tí a fi kọ́ ara wa, a fà á wọlé fúnra rẹ̀. Inú ilé ni a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹrù náà a lọ bá ohun tí ó dà bí ọwọ́ ẹ̀rọ omi, a sì fi èdìdì dè é ní ṣíṣí, kí ó má lè padé mọ́. Nígbà náà ni iyọ̀ ara a máa tú jáde, tí omi a sì tẹ̀lé e. Bí àrùn náà bá le, omi tí ó ń jáde lè tó lítà kan ní wákàtí kan. Ìdí nìyí tí omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà pò ní ìwọ̀n tí ó tọ́ fi ń gba ẹ̀mí là: kò bá oró jà, ṣùgbọ́n ó ń dá ohun tí oró jí padà.

Ẹni tí ó bá wo àwòrán yìí yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òṣùká láìsí ẹrù kò lè pa ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ara yóò sì máa dá a mọ̀ bí ọ̀tá. Òṣùká lásán yìí wà nínú àjẹsára onígbáméjì mímu kan tí ilẹ̀ Sweden kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1991. Àwọn mìíràn ti lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀. Ní 2000, Kitov, Bundle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Edmonton ní ilẹ̀ Kánádà wo ìrísí oró Shiga, tí òun náà jókòó lórí irú òṣùká ẹlẹ́yà-márùn-ún kan náà, wọ́n sì rọ ohun kan tí apá rẹ̀ jẹ́ márùn-ún láti bá àwọn ibi ìdìmú mu. Agbára rẹ̀ láti dí oró náà lọ́wọ́ ju ti ṣúgà kan ṣoṣo lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan sí mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ẹ̀yin ará, a ti kọjá ọdún ogún láti ìgbà náà, kò sì sí ilé oògùn kan tí ẹ lè wọ̀ kí ẹ rà á. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Oró dìfìtíríà kò ní òṣùká. Choe àti Eisenberg ní Los Angeles, pẹ̀lú Collier ní Harvard àti àwọn mìíràn, ni ó tẹ ìrísí rẹ̀ jáde ní 1992. Ẹ̀wọ̀n kan ni, tí ó ní ẹyọ 535, ṣùgbọ́n ó ká sí apá mẹ́ta, ó sì dà bí lẹ́tà Y. Ìgárá mẹ́ta ni wọ́n, tí wọ́n jùmọ̀ wá fọ́ ilé. Ọ̀kan kan ilẹ̀kùn, èkejì dá ògiri lu, ẹ̀kẹta wọlé lọ pa onílé. Ohun ìyanu ni pé èkejì kì í dá ògiri lu àfi bí ó bá tọ́ kíkan wò. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé àlejò rẹ̀ sínú àpò kékeré, tí omi inú àpò náà sì kan, nígbà náà ni ìgárá yìí yóò yí ara padà, yóò gún ògiri àpò náà, tí ẹ̀kẹta yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta yìí a sì dá iṣẹ́ ṣíṣe purotéènì dúró pátápátá nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì ti fi hàn ní 1978 pé ẹyọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bá wọlé tó láti pa sẹ́ẹ̀lì kan.

Nínú 535 ẹyọ wọ̀nyí, bí a bá pààrọ̀ ẹyọ kan péré, èyí tí ó wà ní ipò 52, eyín oró náà ti ká. Wọ́n rí irú oró tí eyín rẹ̀ ti ká bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ọdún 1970 sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní CRM197. Ó di 2012 kí a tó fi ìtànṣán X rí ìdí rẹ̀: ibi tí ó yẹ kí oró náà ti di ohun èlò rẹ̀ mú ti di ahẹrẹpẹ, kò lè di nǹkan mú mọ́. CRM197 yìí ni a ń lò nísinsìnyí láti gbé àwọn àjẹsára mìíràn wọ ara. Ó wà nínú Men5CV, àjẹsára àrùn yínrùnyínrùn tí í mú ọrùn le gbagidi, èyí tí ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé láti lò ní 2024. Oró tí ó pa ọmọ ní Kánò ní 2023 ni ó ń ṣe ẹrú fún wa ní ọdún kejì rẹ̀, nítorí pé àwọn kan mọ ibi tí eyín rẹ̀ wà.

Àwọn kan yóò wí pé àṣejù ni gbogbo èyí, nítorí Gaston Ramon ní ilẹ̀ Faransé ti fi fọ́málínì sọ oró dìfìtíríà di àjẹsára láti ìgbà 1923, láìrí àwòrán kankan. Òtítọ́ ni, àjẹsára irú ti Ramon náà ni a sì ń fún àwọn ọmọ wa títí di òní, ó sì dára. Ṣùgbọ́n fọ́málínì dà bí kí a fi okùn wé olè láti orí dé ẹsẹ̀ nítorí pé a kò mọ ọwọ́ tí ó mú ọ̀bẹ. Ó tó fún dídènà. Fún ẹni tí oró ti wọ ara rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ń retí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí kò dé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwòrán oró lè bá wá oògùn fún.

Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, yóò wí pé kọ̀ǹpútà ti lè sọ ìrísí purotéènì láìsí kírísítàlì, wọn yóò sì tọ́ka sí AlphaFold tí àwọn tí ó ṣe é pín nínú Ẹ̀bùn Nobel ní 2024. Ẹ̀rọ náà lágbára, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ti kọ́ ọgbọ́n? Nínú àwọn ìrísí tí àwọn onísùúrù fi ìtànṣán X kó jọ ní ọdún púpọ̀ ni. Ohun tí ẹ̀rọ bá sì méfò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ wò ó kí a tó fi gún ọmọ ènìyàn lábẹ́rẹ́.

Nísinsìnyí a padà sí ìbéèrè wa. Kí ló dé tí ohun tí wọ́n rọ ní Edmonton kò fi di oògùn, tí dìfìtíríà sì ṣì wà lórí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin? A mọ̀ pé ọ̀nà láti orí àwòrán dé inú ìgò oògùn jìn, ó sì ní ọ̀fìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rin ọ̀nà jíjìn nítorí àrùn tí kò pa ọmọ rẹ̀, kò sì sí oníṣòwò tí yóò náwó sí oògùn tí aláìsàn rẹ̀ kò ní owó. A kò bínú sí wọn. Koch kò ṣe iṣẹ́ De fún un. Ẹni tí ó ń gbé ìlú onígbáméjì ni ó ṣe é.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù fún irú iṣẹ́ yìí ni ti ẹ̀rọ sínkrótírọ́nù, òrùka ńlá tí a ti ń sá ẹ́lẹ́kítírọ́nù yípo títí yóò fi máa tan ìtànṣán X jáde. Gbogbo ilẹ̀ ńláńlá tí ènìyàn ń gbé ni ó ní in, àfi Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ọmọ Áfíríkà ti ń pe ìpè láti 2015 pé kí a jùmọ̀ kọ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní kò ṣeé ṣe, kí ó wo ilẹ̀ Jọ́dánì, níbi tí èyí tí à ń pè ní SESAME ti ṣí ní 2017. Íjíbítì, Ísírẹ́lì, Ìránì, Palẹstínì àti Pakísítánì wà lára àwọn tí ó ni ín pọ̀. Bí àwọn tí kò lè jókòó jẹun pọ̀ bá lè jùmọ̀ ní òrùka kan, kí ni ó ń dá àwa dúró?

Kí a sì má dúró de òrùka kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kírísítàlì kì í béèrè òrùka kí ó tó tò. Ohun tí ó béèrè ni omi mímọ́, òtútù tí kì í yẹ̀, iná mànàmáná tí kì í kú ní òru, àti ọ̀dọ́ tí ó ní sùúrù. Bí ó bá ti tò tán, a lè fi sínú òtútù líle gan-an, kí á fi ránṣẹ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò wọ́n ní ilẹ̀ wa, láti Ìbàdàn títí dé Ifẹ̀ àti Èkó. Ohun tí a ń bẹ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ọlọ́rọ̀ wa fún kò ju iyàrá kan tí iná rẹ̀ kò ní kú, àti owó oúnjẹ fún ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ọdún márùn-ún. A ti rí ìsìnkú tí aṣọ ẹbí rẹ̀ nìkan tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn òbí, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ní ti dìfìtíríà, ti ipá àti ti ikọ́ àwúbì nínú wà ní ilé ìlera ìjọba láìgba owó, nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹni tí ó gbé ọmọ lọ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dúró nílé lẹ́yìn náà kò tíì ṣe é tán.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ohun tí a ń sọ lè rí wọn láìsan kọ́bọ̀. Láti 1971 ni ilé ìṣura kan ti wà tí à ń pè ní Protein Data Bank; ìrísí 7 ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó ti ju 200,000 lọ báyìí. Kí ó béèrè nọ́mbà 1XTC, yóò rí òṣùká onígbáméjì pẹ̀lú ẹrù orí rẹ̀, yóò sì lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó ti fẹ́. Kí ó béèrè 1MDT, ìgárá mẹ́ta ti dìfìtíríà yóò jáde sí i. Àwa tí a kọ ìwé yìí ti pe òkúta wínníwínní náà ní kírísítàlì, nítorí pé a kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa kí oṣù yìí tó parí. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé oṣù tí ń bọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó mú un wá.